Ta ni yóò kọ́kọ́ pọn omi? Àlàyé QoS orí ráútà ilé

Ẹ ti sanwó íntánẹ́ẹ̀tì oṣù yìí. Ẹ wọ fast.com lọ wò ó, ó ní 20 Mbps, ìyẹn mẹ́gábíìtì 20 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ló ń wọlé sí yín. Ìyẹn tó fún ìpè fídíò tó lé ní mẹ́wàá lẹ́ẹ̀kan náà. Síbẹ̀, ẹ pe ọmọ yín ní London lórí WhatsApp, ohùn ń já, àwòrán dúró gbagidi, gbogbo ọ̀rọ̀ wá di “Ṣé ò ń gbọ́ mi?” “Ẹ̀yin náà ńkọ́, ṣé ẹ ń gbọ́ mi?” Inú bí yín, ẹ ní àwọn tó ń ta íntánẹ́ẹ̀tì fún yín ti tún bẹ̀rẹ̀ ìṣe wọn. Ẹ ra ètò tó wọ́n ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ìpè ṣì ń já.

Lọ́pọ̀ ìgbà, íntánẹ́ẹ̀tì yín kò kéré. Ẹlòmíì nínú ilé ló ń kó ẹrù ńlá gba ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo tó jáde síta, ìpè yín sì tò sẹ́yìn rẹ̀. Ètò tí wọ́n ṣe sórí ráútà, ẹ̀rọ tó ń pín íntánẹ́ẹ̀tì ká gbogbo ilé, nítorí irú wàhálà yìí ni wọ́n ń pè ní QoS, ìyẹn Quality of Service. Ó ti wà lórí ráútà ọ̀pọ̀ nínú wa láti ọjọ́ tí a ti rà á. A kàn ń fò ó ni, torí pé ojú ewé náà kún fún nọ́ḿbà àti orúkọ tí kò fi ara jọ ohun tí a mọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ohun tó máa ń ṣi ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́nà: QoS kì í bu íntánẹ́ẹ̀tì kún íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹni tó ń sanwó 20 Mbps kò ní tìtorí rẹ̀ rí 21. Kódà, ẹ ó rí i níwájú pé ẹ ní láti yọ díẹ̀ sílẹ̀ nínú 20 yẹn kí ó tó lè ṣiṣẹ́. Gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kó pinnu ẹni tó máa dúró àti ẹni tí kò ní dúró.

Ẹ wo ẹ̀rọ omi àdúgbò tó ní ẹnu kan ṣoṣo. Ẹnì kan kó kẹ́ẹ̀gì 20 dé. Ẹ̀yin mú ife kan lọ́wọ́, omi tí ẹ máa fi lo oògùn lẹ wá bù, ẹ sì bá a níbẹ̀. Omi ń dà dáadáa, ẹ̀rọ kò bàjẹ́, ẹnikẹ́ni kò sì rẹ́ yín jẹ, ṣùgbọ́n ẹ máa dúró títí kẹ́ẹ̀gì 20 yóò fi kún. Bí wọ́n bá gbé ẹ̀rọ tó lágbára ju èyí lọ síbẹ̀, onítọ̀hún á kó 40 wá lọ́la. Ohun tó lè gbà yín sílẹ̀ ni kí alákòóso kan wà níbẹ̀ tó máa sọ pé: pọn kẹ́ẹ̀gì kan, sún sẹ́gbẹ̀ẹ́, jẹ́ kí ẹni tó mú ife bu tirẹ̀, kí o tó gbé ìkejì sábẹ́ ẹ̀rọ. Ife yín kò gbà ju ìṣẹ́jú àáyá kan lọ. Oníkẹ́ẹ̀gì kò tilẹ̀ ní mọ̀ pé ẹnì kan kọjá níwájú òun.

Ìpè ohùn ni ife yẹn. Ìlànà G.711, tí ọ̀pọ̀ fóònù ọ́fíìsì orí íntánẹ́ẹ̀tì ń lò, kì í gbà ju nǹkan bíi 87 Kbps lọ (1,000 Kbps ló wà nínú Mbps kan). Kò tó ìdá kan nínú 200 lára 20 Mbps yín. Ohun tí ìpè kò lè fara dà ni ìdúró. Ẹ pín ìṣẹ́jú àáyá kan sí ọ̀nà 1,000, ọ̀kan nínú rẹ̀ ni wọ́n ń kọ ní ms. Àjọ ITU, tó ń ṣe ìlànà ìbánisọ̀rọ̀ fún gbogbo àgbáyé, dámọ̀ràn nínú ìlànà G.114 pé kí ohùn má ṣe lò ju 150 ms lọ láti ẹnu ẹni tó ń sọ̀rọ̀ dé etí ẹni tó ń gbọ́. Bó bá ti kọjá ìyẹn dáadáa, ẹ ó bẹ̀rẹ̀ sí í já lu ọ̀rọ̀ ara yín. Ẹ má sì gbàgbé pé ọ̀nà abẹ́ òkun láti Èkó dé London nìkan ti jẹ lára 150 náà kí ráútà yín tó fọwọ́ kàn án.

Fíìmù orí Netflix ńkọ́? Netflix dámọ̀ràn 5 Mbps fún àwòrán 1080p, èyí tó ju ìlọ́po 50 ìpè ohùn lọ, ṣùgbọ́n fíìmù kì í kánjú. Ó ti kó apá tó ń bọ̀ pamọ́ kí ẹ tó wò ó débẹ̀. Ẹ dá a dúró fún ìṣẹ́jú àáyá méjì, ẹnikẹ́ni nínú pálọ̀ kò ní mọ̀. Ẹ dá ìpè dúró fún ìṣẹ́jú àáyá méjì, ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́ nìyẹn. Ọ̀kan ń fẹ́ ọ̀pọ̀, èkejì ń fẹ́ àsìkò. Nọ́ḿbà tí wọ́n ń kọ gàdàgbà sára pátákó ìpolówó, bó ṣe pọ̀ tó ló ń sọ. Kò sọ nǹkan kan nípa bí ẹ ó ṣe pẹ́ tó lórí ìlà.

Ibi tí ìlà náà wà

Inú ráútà ni, tàbí nínú ẹ̀rọ ilé iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì tó wà ní òdìkejì. Wi-Fi inú ilé lè gbé ọgọ́rùn-ún Mbps mélòó kan, bẹ́ẹ̀ ọ̀nà tó jáde síta lè má ju 5 lọ. Bí fóònù kan bá bẹ̀rẹ̀ sí í kó fọ́tò ìgbéyàwó àná lọ sórí Google Photos, ńṣe ló ń dà á sínú ráútà bó ṣe lè yára tó. Èyí tí kò tíì ráyè jáde, ráútà á tò ó sínú ìrántí rẹ̀. Ká ní MB kan péré ló wà lórí ìlà. MB kan jẹ́ mẹ́gábíìtì 8. Ẹ pín 8 sí ọ̀nà 5, ó di ìṣẹ́jú àáyá 1.6. Ìyẹn ni pé ọ̀rọ̀ tí ẹ sọ báyìí máa lo ju ìṣẹ́jú àáyá kan ààbọ̀ lọ kí ó tó kúrò nínú pálọ̀ yín, ká má tíì sọ ti òkun.

Kí ló dé tí àwọn tó ṣe ráútà fi fún un ní ibi ìdúró tó gùn tó bẹ́ẹ̀? Ire ni wọ́n rò. Ìrántí ẹ̀rọ ti di ọ̀pọ̀, wọ́n sì gbà pé kò dára kí ohunkóhun sọnù lójú ọ̀nà. Àṣé sísọnù yẹn gan-an ni àmì tí àwọn kọ̀ǹpútà fi ń mọ̀ pé ọ̀nà ti kún. Ní 1986, íntánẹ́ẹ̀tì tó so ilé ìwádìí Lawrence Berkeley pọ̀ mọ́ Yunifásítì California ní Berkeley, ibi méjì tí wọn kò jìnnà síra rárá, já láti 32 Kbps sí bíìtì 40 péré ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Van Jacobson wà lára àwọn tó wádìí ohun tó fà á, ó sì gbé àtúnṣe jáde ní 1988: kí kọ̀ǹpútà máa fi kún eré rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kó sì dẹwọ́ nígbà tó bá rí i pé nǹkan sọnù. Orí ìlànà yìí ni a ṣì wà. Bí ráútà kò bá wá jẹ́ kí nǹkan kan sọnù, tó kàn ń tọ́jú gbogbo rẹ̀ pamọ́, ẹni tó ń fi nǹkan ránṣẹ́ á rò pé ọ̀nà ṣófo, á sì máa dà á lọ. Jim Gettys, tó wà ní ilé ìwádìí Bell Labs nígbà náà, bá irú rẹ̀ pàdé nílé rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 2010. Òun ló sọ wàhálà náà ní bufferbloat, orúkọ náà sì ti mọ́ ọn lára títí di òní.

Jacobson kan náà pẹ̀lú Kathleen Nichols gbé ọ̀nà àbáyọ kan jáde ní 2012, CoDel ni wọ́n pè é. CoDel kò bìkítà bí ìlà ṣe gùn tó. Bí ẹrù kọ̀ọ̀kan ṣe pẹ́ tó lórí ìlà ló ń kà. Bí ìdúró bá ju 5 ms lọ tí kò sì wálẹ̀ fún odidi 100 ms, ó máa jẹ́ kí díẹ̀ sọnù, kí ẹni tó ń dà á lè gbọ́ pé ó yẹ kó rọra. Lẹ́yìn ìyẹn ni fq_codel dé, òun gan-an ni alákòóso ìdí ẹ̀rọ omi wa: ó ń ya ẹni kọ̀ọ̀kan sí ìlà tirẹ̀, á bù díẹ̀ fún eléyìí, á bù díẹ̀ fún tọ̀hún, ẹni tó mú ife kan wá kò sì ní pẹ́ kó tó lọ. Ní 2018, wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde bí RFC 8290, ọ̀kan lára àwọn ìwé ìlànà íntánẹ́ẹ̀tì. Ọdún yẹn náà ni CAKE, àbúrò rẹ̀ tó gbọ́n jù ú lọ, wọ inú Linux 4.19, ètò tó ń darí ọ̀pọ̀ ráútà. Dave Täht, tó kú ní 2025, lo ọ̀pọ̀ ọdún lórí iṣẹ́ yìí pẹ̀lú àwọn tó ń fi tinútinú ṣe é, ọ̀fẹ́ sì ni wọ́n gbé e sílẹ̀ fún aráyé.

Mo sọ ìtàn yìí torí pé ráútà méjì lè jọ ní QoS lára kí iṣẹ́ wọn má jọra rárá. Èyí àtijọ́ ń fẹ́ kí ẹ sọ ẹni tó jẹ́ olóyè fún un, ẹni tó jẹ́ ará ìlú, ẹni tí kò ju ìránṣẹ́ lọ. Èyí tó ní fq_codel tàbí CAKE kò bi yín ní ìbéèrè yẹn. Bí ẹnu ẹ̀rọ omi yín ṣe fẹ̀ tó nìkan ló fẹ́ mọ̀. Bí ó bá jẹ́ tèmi, kò sí ráútà tí mo máa tún fowó rà láìbéèrè bóyá ó ní ọ̀kan nínú méjèèjì.

Kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun

Ẹ kọ́kọ́ mọ̀ bóyá ìlà ló ń dà yín láàmú. Ẹ ṣí fast.com, ẹ jẹ́ kó ṣe tán, kí ẹ wá tẹ Show more info. Níbi tí wọ́n kọ Latency sí, ẹ ó rí nọ́ḿbà méjì. Unloaded ni ìdúró nígbà tí ọ̀nà ṣófo, Loaded ni ìdúró nígbà tí ọ̀nà kún. Bó bá jẹ́ 35 ms àti 50 ms, ẹ fi QoS sílẹ̀, wàhálà yín wà níbòmíì. Ẹ lọ wo ibi tí ẹ gbé ráútà sí, bóyá ẹ̀yìn fíríìjì ni, tàbí kí ògiri méjì wà láàárín òun àti yàrá tí ẹ ti ń pe ìpè. Àmọ́ bó bá jẹ́ 35 àti 700, ọwọ́ ti tẹ olè.

Ẹni tó ní kọ̀ǹpútà Windows lè ṣí Command Prompt, kó kọ ping -t 8.8.8.8 síbẹ̀, kó tẹ Enter, kó sì ní kí ẹlòmíì nínú ilé fi fídíò ńlá kan ránṣẹ́. Bí nọ́ḿbà tó wà níwájú time bá ń ga bí fídíò ṣe ń lọ, tó sì wálẹ̀ bí fídíò ṣe tán, kò sí àní-àní mọ́. Mo fẹ́ràn ọ̀nà yìí ju ti fast.com lọ, torí pé ojú yín ló máa rí i bó ṣe ń ṣẹlẹ̀.

Ohun tó ń jáde ni kí ẹ fura sí jù. Gbogbo wa ń wo ohun tó ń wọlé, ìyẹn ni wọ́n fi ń polówó, ṣùgbọ́n ní ọ̀pọ̀ ilé, ọ̀nà ìjáde ló tóóró, òun sì làwọn ohun tí a kò rí ń lò: Google Photos àti iCloud tó ń kó fọ́tò lọ lóru àti lọ́sàn-án, WhatsApp tó ń tọ́jú ẹ̀dà ọ̀rọ̀ ní aago méjì òru, kámẹ́rà ẹnu géètì tí kì í sinmi. Èyí tó wá burú níbẹ̀ ni pé bí ọ̀nà ìjáde bá kún, ohun tó ń wọlé náà á falẹ̀, torí pé gbogbo ìgbà tí nǹkan bá wọlé, kọ̀ǹpútà yín ní láti dáhùn pé “mo ti rí i gbà” kí wọ́n tó fi òmíràn ránṣẹ́. Ìdáhùn yẹn náà wà lórí ìlà, lẹ́yìn fọ́tò ìgbéyàwó.

Nọ́ḿbà tí ẹ máa kọ

Ẹ so fóònù tàbí kọ̀ǹpútà mọ́ Wi-Fi ilé, ẹ ṣí Chrome, kí ẹ kọ 192.168.1.1 tàbí 192.168.0.1 síbi àdírẹ́sì. Ọ̀pọ̀ ráútà 4G ti Huawei ń lo 192.168.8.1. Ẹ yí ráútà dé, àdírẹ́sì àti ọ̀rọ̀ aṣínà sábà máa ń wà lára bébà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ìdí rẹ̀. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ aṣínà Wi-Fi o, ti ẹni tó ń bójú tó ráútà ni. QoS sábà máa ń wà lábẹ́ Advanced. Lára ráútà míì, Bandwidth Control tàbí Traffic Control ni wọ́n kọ. Àwọn ráútà tí ilé iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì fi ń tani lọ́rẹ kì í sábà ní in, bí wọ́n bá sì ní in, wọ́n lè ti tì í pa. Bí ẹ bá rí SQM, Smart Queue, fq_codel tàbí CAKE níbẹ̀, òun ni kí ẹ mú. Ráútà tí ẹ bá lè fi OpenWrt sí, ìyẹn ètò ọ̀fẹ́ tí a fi ń rọ́pò èyí tó bá ráútà wá, náà lè gba SQM.

Ibi tí iṣẹ́ wà nìyí. Ráútà á bi yín pé Download yín jẹ́ mélòó, Upload yín jẹ́ mélòó. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń kọ èyí tó wà lára rìsíìtì, wọ́n á ní QoS kò ṣiṣẹ́. Ohun tí ẹ ń rí gbà gan-an ni kí ẹ kọ, kì í ṣe ohun tí wọ́n ṣèlérí. Ẹ wọ̀n ọ́n láàárọ̀, ẹ wọ̀n ọ́n lálẹ́ nígbà tí gbogbo àdúgbò wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọjọ́ mélòó kan. Ẹ mú èyí tó kéré nínú wọn, kí ẹ wá dín in kù díẹ̀ sí i, bí ìdá 10 nínú 100. Bí ó bá jẹ́ 20 ló ń wọlé tí 5 ń jáde, ẹ kọ 18 àti 4.5.

Kí ni dídín in kù wà fún? Ìlà máa ń dúró síbi tí ọ̀nà bá ti tóóró jù lọ. Bí ibẹ̀ bá jẹ́ ẹ̀rọ ilé iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì, ọ̀dọ̀ wọn ni ìlà máa wà, alákòóso tí ẹ fi sínú ráútà yín kò sì láṣẹ níbẹ̀. Bí ẹ bá jẹ́ kí ráútà yín tóóró ju tiwọn lọ díẹ̀, ìlà á padà wálé, á bọ́ sábẹ́ àṣẹ yín. Mbps méjì tí ẹ yọ sílẹ̀ ni owó orí tí ẹ san fún àlàáfíà. Mo mọ̀ pé ó ń dunni láti fi ohun tí a fowó rà sílẹ̀, àmọ́ ẹ dán an wò kí ẹ tó bá mi jà.

Ẹ ṣọ́ra fún ìwọ̀n tí àpótí náà ń lò. Àwọn ráútà kan ń fẹ́ Kbps, kì í ṣe Mbps. Níbẹ̀, 18 Mbps di 18000, 4.5 di 4500. Ẹni tó bá kọ 18 sínú àpótí Kbps ti fún gbogbo ilé lọ́rùn pa nìyẹn, kódà ojú ewé ráútà nìkan ló máa ṣí fún un. Bí ẹ bá sì kọ 100 síbi tí 20 ló ń wọlé, ráútà á rò pé ààyè pọ̀ rẹpẹtẹ, á káwọ́ gbera, ìlà á sì wà níbi tó wà tẹ́lẹ̀. Ẹ má sì fi Mbps pe MBps. Lẹ́tà B ńlá fi ìlọ́po 8 ju ti kékeré lọ.

Bí ẹ bá ti fi pamọ́ tán, ẹ tún fast.com tàbí ping ṣe. Bí Loaded bá ti já láti 700 sí bíi 60, ẹ kúrò níbẹ̀, iṣẹ́ ti parí. Bí kò bá já tó bẹ́ẹ̀, ẹ dín nọ́ḿbà kù díẹ̀ sí i, kí ẹ tún wò ó.

Bí ráútà yín bá jẹ́ irú àtijọ́, èyí tó ń béèrè High, Medium àti Low, ẹ mú ẹ̀rọ kan tàbí méjì péré sí High: kọ̀ǹpútà tí ẹ fi ń ṣiṣẹ́, bóyá pẹ̀lú fóònù tí ẹ fi ń pe ìpè. Ibi tí a ti ń bà á jẹ́ ni pé bàbá á ní kí tòun wà ní High, ìyá náà á ní kí tòun wà níbẹ̀, ọmọ tó ń fi géèmù ṣeré á sunkún títí tiẹ̀ náà á fi wọ̀ ọ́. Gbogbo wa kò lè sùn ká kọrí síbì kan náà. Bí gbogbo ẹ̀rọ bá wà ní High, ọ̀kan náà ni pẹ̀lú kí ẹ má fi ọwọ́ kàn án rárá.

Àwọn ráútà míì á ní kí ẹ yan irú iṣẹ́ dípò ẹ̀rọ: ìpè, géèmù, wẹ́ẹ̀bù. Mi ò gbẹ́kẹ̀ lé èyí. Ohun tó ń kọjá lórí íntánẹ́ẹ̀tì lónìí, wọ́n ti fi àṣírí bò ó, ẹnu ọ̀nà kan náà sì ni púpọ̀ nínú rẹ̀ ń gbà, ìyẹn èyí tí wọ́n ń pè ní port 443. Ráútà olówó pọ́ọ́kú lè má mọ ìyàtọ̀ láàárín ìpàdé Teams àti fídíò YouTube. Ẹ̀rọ ni kí ẹ fi ṣe òṣùwọ̀n. Àmọ́ fóònù ìsinsìnyí ní ẹ̀tàn tirẹ̀: láti Android 10 àti iOS 14, fóònù kì í sábà fi àdírẹ́sì MAC tòótọ́ rẹ̀, ìyẹn nọ́ḿbà tí ráútà fi ń dá ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan mọ̀, han Wi-Fi, èyí tó dá sílẹ̀ fúnra rẹ̀ ló ń lò. Bí ẹ bá ní kó gbàgbé Wi-Fi yẹn kí ẹ tó tún so ó mọ́ ọn, ó lè gbé òmíràn wá, ráútà á sì kà á sí àlejò. Ẹ lọ pa Private Wi-Fi Address lórí iPhone, tàbí kí ẹ yan Use device MAC lórí Android, ní ti Wi-Fi ilé nìkan.

Mo máa ń rí i pé àwọn èèyàn ń lo òpin, ìyẹn Bandwidth Limit, níbi tó yẹ kí wọ́n lo QoS. Wọ́n á dá tẹlifíṣọ̀n àwọn ọmọ dúró sí 3 Mbps títí ayé. Lóru, tí ẹnikẹ́ni kò lo íntánẹ́ẹ̀tì, 3 náà ló máa rí, ìyókù á ṣòfò. Ibi tí òpin ti wúlò ni ilé tí ayálégbé mẹ́rin jọ ń dáwó Wi-Fi kan, tàbí ṣọ́ọ̀bù tí oníbàárà ń bá lo íntánẹ́ẹ̀tì. Ó tún lè dín owó dátà kù, torí pé YouTube tí kò rí ààyè tó á fi àwòrán tó rẹlẹ̀ hàn, èyí tí kì í jẹ dátà púpọ̀. QoS fúnra rẹ̀ kì í dín dátà kù.

Ẹ ó tún rí WMM nítòsí ibẹ̀. Ẹ fi í sílẹ̀ ní títàn. Òun ló ń ṣètò ẹni tó máa kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ lórí afẹ́fẹ́ Wi-Fi, bí ẹ bá sì pa á, ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ á já padà sí 54 Mbps.

Ti àwọn tó ń lo 4G, 5G tàbí Starlink, íntánẹ́ẹ̀tì orí sátẹ́láìtì tó dé Nàìjíríà ní January 2023, le díẹ̀. Bí íntánẹ́ẹ̀tì bá jẹ́ 40 láàárọ̀ tó di 6 lálẹ́, nọ́ḿbà wo lẹ fẹ́ kọ? Bí ẹ bá kọ 36, kò ní ṣiṣẹ́ lálẹ́. Bí ẹ bá kọ 5, ẹ ti fi ọ̀sán ṣòfò. Ìmọ̀ràn tèmi ni kí ẹ fi ohun tó ń wọlé sílẹ̀, kí ẹ dá ohun tó ń jáde nìkan dúró sí nọ́ḿbà tó kéré tí ẹ máa ń rí lálẹ́, torí ibẹ̀ ni ìpè ti ń kú jù. Ẹni tó mọwọ́ OpenWrt lè wá cake-autorate, tó ń wọn ìdúró nígbà gbogbo tó sì ń yí nọ́ḿbà náà padà fúnra rẹ̀. Bákan náà, bí ètò yín bá ní FUP, tí wọ́n máa ń dín eré yín kù lẹ́yìn tí ẹ bá lo dátà dé ìwọ̀n kan, ọjọ́ tí wọ́n bá dín in kù ni nọ́ḿbà inú ráútà yín di irọ́.

Àwọn tó ní ọ̀nà tó fẹ̀ gan-an, 500 Mbps sókè, lè máà nílò rẹ̀. Kí ráútà tó lè ṣètò ìlà, ó gbọ́dọ̀ fojú kan ẹrù kọ̀ọ̀kan, ọpọlọ ráútà kékeré kò sì gbé e. Títan QoS lè pa ọ̀nà àbùjá tó ń lò láti fi yára, kí eré wá já wálẹ̀ gan-an.

Ohun tó bá sì ti kọjá géètì yín, QoS kò mọ̀ ọ́n. Ní March 14, 2024, wáyà abẹ́ òkun mẹ́rin gé nítòsí Côte d'Ivoire, WACS, MainOne, ACE àti SAT-3, ìdajì ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà sì ń pariwo. Kò sí ètò orí ráútà tó lè ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ lọ́jọ́ yẹn. Bẹ́ẹ̀ náà ni òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó gba èrò ju agbára rẹ̀ lọ ní alẹ́ Sátidé.

Bí wọ́n bá mú iná lọ, ètò tí ẹ ṣe kò ní parẹ́. Ihò Reset ló máa ń pa á rẹ́, nítorí náà ẹ lo Backup tó wà nínú ráútà láti tọ́jú ẹ̀dà kan pamọ́. Ẹ sì rántí QoS lọ́jọ́ tí ẹ bá ra ètò tó tóbi ju èyí lọ. Ẹni tó ti kúrò ní 20 Mbps lọ sí 50, tí fast.com sì ń fi 18 hàn án láìyẹ̀, kó lọ wo nọ́ḿbà tó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ síbẹ̀ kó tó pe kọsítọ́mà kéà.